Ọwọ́ Tó Wà Lára Àpò Iyùnadé

Omi ṣì ń wọ inú àpò nígbà tí Bàbá Òjẹ̀lábí sọ ọ̀rọ̀ tí Iyùnadé ti ń sá fún tipẹ́tipẹ́. Bàbá náà kò wo ojú rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ló gbójú lé, níbi tí iná tín-ín-rín kan ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí omi ṣe ń pọ̀ sí i, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ló ń bá wí. Ó ní ìgbìmọ̀ ti pàṣẹ. Àpò yòówù tí ọwọ́ ẹni tí kò sí nítòsí bá wà lára rẹ̀, wọn ò ní pọn omi sí i mọ́. Ó ní ti òní nìkan ni òun lè mójú kúrò níbẹ̀. Bí Iyùnadé bá ti délé ní ìlú Ìlàjú, kí ó sọ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kalẹ̀ kúrò lára àpò, kí ó gba ọwọ́ ẹlòmíràn sí i, tàbí kí ó dá àpò padà kí ó lọ jókòó sílé.

Iyùnadé bẹ̀rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí àpò bí ìyá tó fẹ́ pọn ọmọ, àpò náà sì gùn ún. Ó rọra yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wá ibi tí eegun ti le, nígbà tó rí i, ó di mọ́ ọn pinpin. Iyùnadé fa ọ̀já rẹ̀ kọjá láyà, ó dè é, ó mú ọ̀pá onípàlàkà rẹ̀, ó dìde. Omi tí odindi agboolé kan máa mu ló wà lẹ́yìn obìnrin kan ṣoṣo yìí, obìnrin tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, kò sì mí kanlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ kékeré ni lọ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ẹnu àpò wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ọwọ́ ẹni tó pọ̀n ọ́n kò lè dé. Irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo ló sì mọ̀, ìyẹn ti ẹnìkejì ẹni. Bí òùngbẹ ti wù kó gbẹ apọnmi tó, omi ẹ̀yìn ara rẹ̀ kò ní dá a lóhùn. Ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò bu omi fún un, òun náà á sì bu fún ẹnìkejì. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Apọnmi kò lè jí omi ìlú mu, kò sì lè dá rìn. Àmọ́ ọkọ Iyùnadé ni ẹnìkejì rẹ̀, ọkọ yẹn sì ti lọ sí Etí Òkun. Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tó ti lọ, ẹ̀yin náà sì mọ bí òjò ṣe ń pẹ́ tó kó tó rọ̀ nílẹ̀ yẹn.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíràn ló ń tọ̀, ó ń tọrọ omi mu lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà bí àlejò. Wọ́n ń fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń ráhùn.

Ẹni tí wọ́n wá fún un láàárọ̀ yìí pé kí wọ́n jọ máa rìn ni Dúródọlá, ọmọ ìyá aránṣọ kan ní Ìlàjú. Ọmọbìnrin ọ̀hún síngbọnlẹ̀, ẹ̀rín kì í jìnnà sí i lẹ́nu, ìbéèrè sì pọ̀ níkùn rẹ̀ bí iyanrìn. Ìrìn rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí. Iyùnadé ti tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ àpò ọmọ náà nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, torí náà, ti ẹ̀yìn Dúródọlá ni àwọn méjèèjì máa mu dé ilé. Bàbá Òjẹ̀lábí ka òfin fún un wàràwàrà. Ó ní kó má sọ àpò kalẹ̀, kó má jókòó, kó má fẹ̀yìn ti àpáta. Bó bá fẹ́ sinmi, kó fi pàlàkà ọ̀pá gbé ìdí àpò, kó dúró síbẹ̀. Ó ní bí àpò bá lè kan ilẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó parí, á rò pé olè ti pa ẹni tó pọ̀n ọ́n, á tì pa, kò sì ní ṣí mọ́ àyàfi lẹ́nu ibodè Ìlàjú. Dúródọlá ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Ẹ mọ irú orí tí èèyàn ń mì nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà.

Bàbá Òjẹ̀lábí wá pe Iyùnadé sẹ́yìn díẹ̀. Ó ní òun mọ ọkọ rẹ̀, èèyàn dáadáa ni, òun náà ń retí rẹ̀. "Àmọ́ ìwọ náà wò ó, Iyùnadé. Ọwọ́ tí kò sí níbẹ̀, kò lè bu omi fún èèyàn."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Iyùnadé wí, ó sì bọ́ sọ́nà.

Ìsun Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ti gbéra, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí alààyè kan nínú wọn tó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ rí. Òkúta ló wà níbẹ̀, àti omi tó ń yọ láàárín òkúta, tí wọ́n fi irin ká mọ́. Láti ibẹ̀, ọ̀nà gba orí ilẹ̀ pupa tó ti sán lọ títí, ìtàkùn gbígbẹ níbí, egungun màlúù lọ́hùn-ún. Iyùnadé ló ṣíwájú. Ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ tẹ̀, omi ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dún pọ̀gbẹ̀ pọ̀gbẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí okùn bàtà Dúródọlá fi tú. Ó dúró tún un so, nígbà tó sì gbójú sókè, Iyùnadé ti lọ jìnnà. Ọmọ náà yára tẹ̀ lé e. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn ni nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́yìn rẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ kan bíi ti oyin nínú ihò igi. Ó fò sókè díẹ̀.

"Màmá, kí ló ń kùn lẹ́yìn mi yìí?"

"Àpò rẹ ni. Ọwọ́ mi ló mọ̀. Bí àwa méjèèjì bá pínyà, tí a tún wá ń sún mọ́ra, ó máa ń mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ ló dùn."

Nígbà tí wọ́n pàdé, ohùn náà dákẹ́. Dúródọlá rẹ́rìn-ín títí. Ó tún mọ̀ọ́mọ̀ fà sẹ́yìn kó lè tún gbọ́ ọ, ó sì tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ọmọdé tó rí nǹkan ìṣeré tuntun. Iyùnadé kò bá a wí, kò sì bá a rẹ́rìn-ín. Ohùn yẹn ti wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà, ọkùnrin náà a máa yà kúrò lọ́nà láti wá igi ìdáná, àpò Iyùnadé ló sì máa ń sọ fún un pé ó ti ń bọ̀ kó tó yọ. Iyùnadé á ti máa rẹ́rìn-ín sílẹ̀ dè é. Ọkùnrin yẹn kò sì lè bu omi bí èèyàn gidi láéláé. Á kọ́kọ́ fi ọwọ́ tútù kan Iyùnadé lẹ́yìn ọrùn, omi á ta dànù, wọ́n á délé, ìwọ̀n á sì fi hàn pé omi dín, oníbodè á máa wò wọ́n bí ẹni wo olè. Ìjà tí Iyùnadé ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣeé kà. Ó wá ń wù ú báyìí kí ẹnì kan tún fi omi ìlú ṣòfò sí òun lọ́rùn.

Orúnkún ló lé ọkọ yẹn kúrò nílé. Ó wú, kò gbé ẹrù mọ́, ọkùnrin náà kò sì lè fara da kí ìyàwó máa pọnmi bọ́ òun. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ní ilé irin ní Etí Òkun tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun, pé iṣẹ́ ìjókòó pọ̀ níbẹ̀. Ó ní òun á lọ wá àyè fún àwọn méjèèjì. Wọ́n jọ rìn dé Oríta Òkun, ó gbé ọwọ́ lé àpò ìyàwó rẹ̀, ó bu omi fún un mu, ó sì yà.

"Tí a bá dé oríta," Iyùnadé sọ fún Dúródọlá, "màá dúró díẹ̀. Má bi mí ní nǹkan kan."

Ọmọ náà fẹsẹ̀ wọ́ iyanrìn díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun nílùú, pé Màmá máa ń kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà òkun, kí àpò lè gbọ́ bí Bàbá bá ń bọ̀.

"Kí ni wọ́n tún sọ?"



"Wọ́n ní kò ní wá mọ́."

"Ó lè jẹ́ òótọ́ ni wọ́n sọ," Iyùnadé dáhùn. "Àmọ́ ẹ̀yìn ta ni àpò wà?"

Ó sì ń rìn lọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: kí òun dé oríta yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọwọ́ ọkọ òun tó kúrò lára àpò. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó ti pinnu pé òun á dúró pẹ́ lónìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, bí àpò kò bá sì kùn, òun á wọ ìlú, òun á ṣe ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe.

Oòrùn ti le gan-an nígbà tí wọ́n dé ibi táńkà. Táńkà àtijọ́ kan ni, ó ti rì sínú iyanrìn dé àárín, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ lára, òjìji rẹ̀ nìkan sì ni òjìji gidi lójú ọ̀nà náà. Dúródọlá bèèrè ohun tí gbogbo ọmọ tuntun ń bèèrè: kí ló dé tí wọn ò fi ọkọ̀ gbé omi yìí? Iyùnadé fi ọ̀pá kan ara táńkà náà, ó dún gbọ̀ọ́n. Ó ní irú èyí ló mu Ìsun Agbè gbẹ láyé ìyá òun. Wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń fà á tọ̀sán tòru, kí ẹ̀ẹ̀rùn kan tó yí po, ìsun náà ti di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ sì di eruku. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ìlú péjọ tí wọ́n ṣe Òfin Ẹsẹ̀, pé omi kò gbọdọ̀ kúrò lójú ìsun yá ju bí ẹsẹ̀ èèyàn ṣe lè gbé e lọ. Wọ́n ka táyà léèwọ̀, wọ́n ka ohun tó ń fò léèwọ̀. Wọ́n jiyàn gidi lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló sì jàre, wọ́n ní kó máa sinmi.

Dúródọlá rẹ́rìn-ín, ó bèèrè bóyá àwọn lè mí díẹ̀. Iyùnadé bu omi fún un láti ẹ̀yìn rẹ̀, òun náà mu díẹ̀, ó ní kó fi ọ̀pá gbé àpò rẹ̀ kó sinmi. Òun fúnra rẹ̀ wá yípo táńkà náà lọ wò ó bóyá iyanrìn ti bo ojú ọ̀nà níwájú. Kò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Nígbà tó máa fi yí bọ̀, Dúródọlá ti wà ní ìjókòó nínú òjìji, ó na ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ pa dé, ara tù ú pẹ̀sẹ̀. Ìdí àpò ti wọ inú iyanrìn.

Kàkà! ni irin ẹnu àpò náà dún.

Kò sí ohun tí Iyùnadé kò ṣe. Ó gbé ọmọ náà dìde, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ irin, ó nu iyanrìn kúrò lára rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́. Iná pupa ló ń wò ó. Àpò náà kún fún omi, ó sì ti di òkúta. Dúródọlá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní òjìji yẹn ló tan òun, òun kò rántí. Iyùnadé ní kó dákẹ́, kó má fi omi ojú ṣòfò, ọ̀nà ṣì wà níwájú.

Ọ̀nà wà níwájú lóòótọ́, kì í sì í ṣe kékeré. Omi kan ṣoṣo tó kù tí ẹnu lè kàn kí wọ́n tó délé ni omi ẹ̀yìn Iyùnadé. Ohun tó sì máa ṣí i kò ṣòro: kí ó fi ọwọ́ lé ọ̀já àyà rẹ̀, kí ó sọ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kalẹ̀, kí Dúródọlá tẹ ti tirẹ̀ sí i. Kò ní gbà ju kí èèyàn mí lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dúró lábẹ́ òjìji táńkà, ó mọ̀ ọ́n dájú, ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni:

"Ṣé o lè dé oríta?"

Kí ni ọmọ náà máa sọ? Wọ́n ti sọ ìtàn oríta fún un. Òun ló jókòó, òun ló jẹ̀bi. Ó ní òun lè dé ibẹ̀. Ó ní ara òun le.

Mi ò ní gbèjà Iyùnadé fún yín o. Ohun tó ṣe kò dáa. Èèyàn ti ń tọ́jú nǹkan láti ọjọ́ yìí wá, ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wá bí òun á ṣe tún dì í mú fún ìwọ̀nba àkókò kan. Ẹni tí kò bá ṣe irú ẹ̀ rí kó wá bú u.

Wọ́n rìn. Wọ́n gun gegele àkọ́kọ́, wọ́n sọ̀. Dúródọlá kò bèèrè ohunkóhun mọ́, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ dẹ́rù ba Iyùnadé. Ó wẹ̀yìn wò, ó rí i pé àágùn ń ṣàn lójú ọmọ náà, ó fọkàn balẹ̀, ó ń lọ. Lórí gegele kejì, ó tún wẹ̀yìn wò, àágùn náà ti gbẹ. Ojú ọmọ náà gbẹ fúrúfúrú, ètè rẹ̀ ti funfun, ó sì ń rìn bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ nínú òkùnkùn. Iyùnadé pè é. Ó jẹ́, àmọ́ ìyá rẹ̀ ló ń dá lóhùn, ó ní òun ti kó àwọn aṣọ wọlé, òun ti kó gbogbo wọn.

Láti ibi tí wọ́n wà yẹn, wọ́n ń rí òkúta gàgàrà tó wà ní Oríta Òkun kedere. Ó wà ní ìsàlẹ̀, kò jìnnà. Iyùnadé wo òkúta náà, ó wo ọmọ náà. Bí wọ́n bá tún rọ́jú díẹ̀ sí i. Díẹ̀ péré.

Dúródọlá kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà, ó wá fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀.

Iyùnadé kò rántí bó ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó fi ọwọ́ lé ọ̀já àyà rẹ̀. "Ẹnìkejì mi," ló wí, "mo sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀." Àpò kò mira. Ó ní, "Ọkọ mi, mo sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀." Àpò dákẹ́ bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà náà ló yé e. Orúkọ ni àpò fẹ́. Orúkọ tí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ sọ lọ́jọ́ tó tẹ ọwọ́ sí i.

Iyùnadé kò sì pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí. Ìyàwó wo ló ń pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ? Wọn ò bímọ tí ì bá fi máa pè é ní bàbá ọmọ, torí náà ẹnìkejì mi ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti wọlé rẹ̀, nígbà ìjà àti nígbà eré, àti lọ́jọ́ tó ń yà lọ ní oríta yẹn. Ó ti ń ro orúkọ náà nínú títí. Ó ti ń rò ó pé ọjọ́ tí ọkùnrin náà bá yọ lójú ọ̀nà òkun, òun á gbé ìtìjú tì, òun á fi gbogbo ẹnu pè é kí gbogbo ayé gbọ́. Ọjọ́ yẹn ló ń tọ́jú rẹ̀ dè.

Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ aránṣọ ń mí fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́.

"Akínbọ̀dé," ni Iyùnadé pè.

Ó dùn lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn gan-an ló pa á lẹ́kún. Ó tún un pè. "Akínbọ̀dé. Mo sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀."

Àpò náà mì tìtì lẹ́yìn rẹ̀, ibi tó máa ń móoru díẹ̀ lára irin náà sì tutù. Kò sí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó wá ọwọ́ Dúródọlá kàn, ó dì í mú ní ìgbọ̀nwọ́, ó fà á, ó yí ara títí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà fi kan irin tí ọwọ́ tirẹ̀ kò lè dé, ó dì í mú síbẹ̀, ó sì ní kó sọ orúkọ rẹ̀. Ó pariwo mọ́ ọn kó tó sọ ọ́. Ẹnu àpò ṣí. Omi bọ́ sí ọwọ́ àwọn méjèèjì, ó bọ́ sí iyanrìn, Iyùnadé kò sì bìkítà ohun tí ìwọ̀n máa wí lẹ́nu ibodè. Ó bu omi sí ọmọ náà lẹ́nu, sí i lórí, sí i láyà. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ láti bu omi fún Iyùnadé, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láàárọ̀. Ọwọ́ náà tàsé ẹnu, ó kan Iyùnadé lẹ́yìn ọrùn, ó tutù. Iyùnadé mu omi náà tán.

Àpò Dúródọlá ti tì ná, torí náà kò sí ohun tó burú nínú kó jókòó mọ́. Iyùnadé kúnlẹ̀ tì í kí àpò tirẹ̀ má bàa kan ilẹ̀, ó ń fi etí ìró rẹ̀ fẹ́ ẹ títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀, àágùn sì padà sójú ọmọ náà. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun mọ ohun tí òun ṣe, pé láti ibi táńkà ló yẹ kí òun ti ṣí i. Dúródọlá ní kí Màmá má sọ bẹ́ẹ̀, òun náà ló jókòó.

Nígbà tí ọmọ náà lè dá dìde, Iyùnadé ní kó tún sinmi díẹ̀, kó wá máa rọra tẹ̀ lé òun bọ̀, òun á lọ wo ọ̀nà níwájú. Irọ́ ló ń pa. Ọ̀nà yẹn kò ní ohun tí wọ́n ń wò.

Ó dé ìdí òkúta Oríta Òkun. Ara rẹ̀ ló yí fúnra rẹ̀, òun kò rán an. Ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà òkun, ó kọjú sí òkúta, ó di ojú bó ṣe máa ń di ojú. Ó mọ̀ pé kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára àpò náà mọ́ tí òun ń retí. Afẹ́fẹ́ ń bọ̀ láti apá òkun, ó gbóná, kò lóòórùn nǹkan kan. Ó dúró.

Àpò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó ń ga sí i, ohùn oyin yẹn gan-an, ó wọ inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ dé àyà. Gbogbo ohun tó ti kó pamọ́ láti sọ dé sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà: pé fìlà rẹ̀ ṣì wà níbi tó gbé e kọ́ sí, pé òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àpótí rẹ̀, pé ṣé orúnkún náà ti san. Ó ń bọ̀. Fún ìwọ̀nba ìgbà yẹn, ó ń bọ̀ ní ti tòótọ́, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Lẹ́yìn náà ló gbọ́ bàtà tí okùn rẹ̀ ti tú, tó ń wọ́ nílẹ̀ bọ̀, ó sì rántí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára àpò. Kò la ojú síbẹ̀síbẹ̀. Ó dúró títí ohùn náà fi dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Nígbà tó la ojú, Dúródọlá ló dúró níwájú rẹ̀, ó fara ti ọ̀pá onípàlàkà rẹ̀, omi ṣì wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ọmọ náà wo omi ojú Màmá, ó wo àpò, ó wo ọ̀nà òkun tó ṣófo lọ títí.

"Màmá, mo gbàgbé ọ̀pá mi síbi tí mo jókòó sí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n padà lọ mú un."

Iyùnadé wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà.

"Lọ mú un wá," ó ní. "Rọra máa bọ̀ o."

Dúródọlá yí padà, ó ń gun gegele lọ. Iyùnadé fi pàlàkà ọ̀pá tirẹ̀ gbé ìdí àpò, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà òkun, ó sì di ojú, ó ń retí ohùn oyin náà.